Ewé tó mọ́ àbí ewé tó ṣú? Ìtàn tó wà lábẹ́ ọ̀dà yàrá ẹ̀yìn wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ilé ni mo bá wá lónìí, ó sì máa gùn díẹ̀. 🧵

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni èmi àti màámi fi jà lórí ògiri kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, ọ̀dọ̀ wa ní Agége ló sì ń bọ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kí màámi lè máa bá a wẹ ọmọ. Yàrá ẹ̀yìn la fẹ́ fún un. Yàrá náà ò tóbi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní mẹ́wàá. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, fẹ́ǹsì aládùúgbò ni fèrèsé ọ̀hún sì kọjú sí.

Gbogbo wa gbà pé àwọ̀ ewé la máa kùn ún. Ewé wo? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Màámi ní ewé tó mọ́, bí ẹ̀fọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí ebè. Èmi ní ewé tó ṣú, bí ewé ọsàn tó ti gbó dáadáa, irú èyí tí gbogbo yín ń fi sẹ́yìn fídíò yín báyìí. Kí n má purọ́ fún yín, torí fídíò ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ara èèyàn máa ń dán lórí ẹ̀.

Mo ra ọ̀dà agolo kékeré méjì, mo fẹ́ kun méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká fojú rí i. Mo mú sáńpépà kí n kọ́kọ́ fi ha ibi tí ògiri ti ṣí. Bí bàbá mi ṣe wọlé nìyẹn.

Ó lé ní ogún ọdún tí bàbá mi fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìkẹjà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ wo agolo méjèèjì tó wà nílẹ̀. Sáńpépà ọwọ́ mi ni wọ́n wò. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o fi ìyẹn ha ògiri yìí? Ṣé o mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo kà àti ohun tí mo bi wọ́n léèrè látọjọ́ náà ni mo kó jọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú èdè wa ná. Tẹ́ ẹ bá bi àwọn àgbà pé àwọ̀ mélòó ló wà, mẹ́ta ni wọ́n máa kà fún yín: funfun, pupa, dúdú. Gbogbo àwọ̀ yòókù wà lábẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ọsàn tó pọ́n, epo, yẹ́lò, gbogbo wọn ò jìnnà sí pupa. Aró, wájì, èédú àti ewé tó gbó, agbo ilé dúdú ni wọ́n ń gbé. "Àwọ̀ ewé" tí à ń pè lónìí kì í ṣe orúkọ àwọ̀, ohun tó ní àwọ̀ náà la kàn ń tọ́ka sí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ tí oko bá dára ni pé ó tutù yọ̀yọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: títutù ni wọ́n ń wò, bí omi ṣe wà lára ewé náà, kí wọ́n tó wo bó ṣe ṣú tó.

Torí náà, tí èmi àti màámi bá gbé ẹjọ́ wa lọ bá ìyá àgbà kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó ní tèmi dúdú, tiwọn tutù, kí ló wá fa ìjà? (Màámi fẹ́ràn apá ibí yìí gan-an. Wọ́n ní ìyá àgbà náà ti dá àwọn láre.)

Àwọ̀ ewé náà níyì o. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ babaláwo, ìdè Ifá: ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ ewé ni wọ́n sín pọ̀ mọ́ èyí tó pọ́n bí igi tàbí bí oyin. Nígbà tó dé Kúbà, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò ló dà.

Ní ti ògiri, àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ìyá ló ń kun ojúbọ òrìṣà, tí ọdún bá sì yí po, wọ́n á tún un kùn. Bọ́lájí Campbell kọ odindi ìwé lórí iṣẹ́ wọn ní 2008, Moyọ̀ Òkédìjí náà ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀dà ìbílẹ̀ yìí ṣáájú ìgbà yẹn. Erùpẹ̀, ẹfun, èédú, omi ewé, ohun tí wọ́n ń lò nìyẹn. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn níbẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe ẹwà iṣẹ́ náà. Ìyá tó ń kun ojúbọ mọ gbogbo ohun tó wà nínú igbá ọ̀dà rẹ̀, torí òun ló já a, òun ló gún un.

Èmi tí mo ra agolo méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta nǹkan ìkọ́lé, kí ni mo mọ̀? Orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni, àti pé ó lẹ́wà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn tó ń gé igi ni Agége fi gba orúkọ ẹ̀. Igi àti ewé gidi la fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko kòkó àti oko obì ló kún Agége àti Ìfàkò. Jacob Kẹ́hìndé Coker wà lára àwọn àgbẹ̀ ńlá ibẹ̀, 1907 ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, Agege Planters' Union. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe gbànja Agége, ọ̀rọ̀ oko ni, kì í ṣe ti mọ́tò àti búrẹ́dì.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ dé. Títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí wà, Ìbàdàn ni olú-ìlú. Ìjọba náà ló la ilẹ̀ Ìkẹjà sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń há sínú sún-kẹẹrẹ ní Ọba Akran Avenue, orúkọ Ọba C. D. Akran ti Àgbádárìgì ni ọ̀nà yẹn ń jẹ́, ọba tó tún ṣe mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀dà ti wọ ìtàn wa. Lórí Ọba Akran ni Berger Paints wà. 1959 ni wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, British Paints (West Africa) ló ń jẹ́ nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá yà sí Adéníyì Jones, ẹ máa bá CAP, àwọn tó ń ṣe Dulux. Inú ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn yẹn ti ṣẹ̀ wá, 2021 sì ni Portland Paints, tó ń ta Sandtex, dara pọ̀ mọ́ wọn. Yàtọ̀ sáwọn ńláńlá yìí, àwọn kéékèèké pọ̀ káàkiri àdúgbò, títí kan àwọn tó ń po ọ̀dà nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé. Gbogbo àròjinlẹ̀ mi pé yàrá mi máa jọ ti ìlú òyìnbó, àdúgbò mi gan-an ni wọ́n ti ń po ọ̀dà ẹ̀.

Orúkọ Berger yẹn tiẹ̀ ní ìtàn tó kan ìjà wa. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Louis Steigenberger ló kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1760. Ó gé orúkọ ẹ̀ kúrú, ó di Lewis Berger. Ọjà tó ń ṣe ni àwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ń pè ní Prussian blue. Ní Berlin ni wọ́n ti ṣèèṣì rí búlúù yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700. Pupa ni ọ̀gbẹ́ni tó ń pò ó ń wá, búlúù ló jáde sí i lọ́wọ́.

Ẹ fi búlúù yẹn sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀.

Àwọ̀ ewé nira láti ṣe. Ẹ̀yin lè máa rò pé torí ewé pọ̀ níta, ọ̀dà ẹ̀ á rọrùn. Rárá o. Já ewé, fún omi ẹ̀ sára aṣọ funfun, kó o wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: á ti di bí omi tíì. Kò dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Carl Scheele, onímọ̀ kẹ́míkà ará Sweden, rí àwọ̀ ewé kan tó ń tàn ní 1775, àwọn èèyàn sáré rà á. Ní 1814 wọ́n tún ṣe èyí tó dán jù ú lọ ní Schweinfurt, ní Jámánì. Wọ́n fi kun ògiri, wọ́n fi pa bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri láró, wọ́n fi pa aṣọ láró, wọ́n fi kun ohun ìṣeré ọmọdé.

Arsenic ló wà nínú méjèèjì. Oró ni.

Ẹ ti lè gbọ́ ti Napoleon, pé bébà ògiri aláwọ̀ ewé ló pa á ní erékùṣù St Helena ní 1821. Òótọ́ ni pé wọ́n yẹ ègé kan nínú bébà yàrá ẹ̀ wò tí wọ́n sì bá arsenic níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú tó bàjẹ́, jẹjẹrẹ, ni àwọn dókítà tó la òkú ẹ̀ wò sọ. Ẹ fi Napoleon sílẹ̀ jàre. Ọ̀gágun ni, gbogbo èèyàn ti sunkún fún un. Matilda Scheurer ni kẹ́ ẹ bá mi wò.

Ọmọ ọdún 19 ni. Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, iṣẹ́ òdòdó àtọwọ́dá ló ń ṣe: òun ló ń bu àtíkè àwọ̀ ewé sára ewé òdòdó kí ó lè dà bí ewé gidi. Ojoojúmọ́ ló ń fà á símú, tó sì ń bá oúnjẹ wọ ẹnu ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1861, ó kú. Wọ́n ní omi aláwọ̀ ewé ló ń bì kó tó kú, funfun ojú ẹ̀ náà sì ti di àwọ̀ ewé.

Mo ka ìyẹn fún bàbá mi. Wọn ò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Tiwa, yẹ́lò ni."

Wọ́n ní tí àwọn bá tú àpò àtíkè yẹ́lò sínú ẹ̀rọ ìpò, eruku ẹ̀ á gba gbogbo ibẹ̀. Áńkáṣífù ni wọ́n fi ń dí imú. Tí wọ́n bá délé ní Agége, màámi á ní kí wọ́n bọ́ṣọ lẹ́yìnkùlé kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, torí omi ìfọṣọ wọn máa ń pọ́n bí omi àjẹ́rẹ́. Màámi ò mọ kẹ́míkà o. Àbàwọ́n ni wọn ò fẹ́.

Kí ni yẹ́lò wá ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ewé? Ẹ rántí búlúù Berger. Ní 1797, ará Faransé kan, Vauquelin, rí èròjà tuntun kan tó pè ní chromium. Nígbà tí wọ́n da èyí pọ̀ mọ́ òjé, yẹ́lò kan jáde tó mọ́lẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán. Òjé yìí náà ni òjé tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́. Tẹ́ ẹ bá wá po yẹ́lò òjé yìí mọ́ Prussian blue, àwọ̀ ewé ló máa jáde, ewé tí oòrùn ò tètè pa, tó sì bo ògiri dáadáa láìgba ọ̀dà púpọ̀. Chrome green lorúkọ ẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ń pè é ní Brunswick green. Ọkọ̀ ojúurin, géètì, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, ilẹ̀kùn, kò síbi tí wọn ò fi kùn.

Ibí ni mo ti kọ́kọ́ rò pé màámi ti borí mi. Mo rò pé ewé tó ṣú ni òjé máa pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ṣebí dúdú ni, ó ki, ó ní àṣírí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mo ti gbé e sódì. Yẹ́lò ni òjé wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ewé tó ṣú, búlúù lẹ máa fi kún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ewé tó mọ́, èyí tó dà bí ẹ̀fọ́ tuntun, yẹ́lò lẹ máa fi kún un. Torí náà nínú irú ọ̀dà yẹn, ewé tó mọ́ gan-an ni òjé ẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ ò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa ti kọ́ láti máa fojú wo nǹkan: èyí tó mọ́, ó dáa, èyí tó ṣú, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀dà ò mọ ìyẹn.

Kí la wá ń bẹ̀rù òjé fún? Torí pé ọmọdé ni ó ń bá jà jù. Ó ń wọ inú ọpọlọ ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ohun tó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kì í padà. Ó tún ń gba ara aláboyún kọjá sára ọmọ inú ẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbé Zamfara ní 2010, nígbà tí eruku òjé látinú wíwa góòlù pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ti ọ̀dà kì í rí bẹ́ẹ̀, kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dà á gbó, á ṣí, á di eruku ní ẹsẹ̀ ògiri àti létí fèrèsé tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń pa. Ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ kàn án, á fọwọ́ sẹ́nu. Ìyẹn náà ni.

Ayé ti mọ̀ tipẹ́. Ní 1921, àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ti ṣe àdéhùn láti dín lílo òjé funfun nínú ọ̀dà ilé kù. Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé ní 1978. Ṣùgbọ́n ní tiwa ńkọ́? Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 yẹ ọ̀dà tí wọ́n rà lọ́jà ní Nàìjíríà wò. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí òjé inú wọn kọjá 600 nínú mílíọ̀nù kan, ìyẹn ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà. Ìwọ̀n tí àjọ àgbáyé ń gbà níyànjú lónìí ni 90.

2007 kọ́ ni ayé ọjọ́un o. Mo ti ń lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn.

Tẹ́ ẹ bá sì lọ síléèwé ìjọba bíi tèmi, ẹ mọ ògiri tí mò ń sọ. Láti ilẹ̀ dé ibi tí èjìká wa dé, ewé tó ṣú ni, ọ̀dà olóròóró tó ń dán. Láti ibẹ̀ dé òkè, ewé tó mọ́ tàbí àwọ̀ ìpara wàrà. Ọsibítù bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò pé torí kò sówó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ronú sí i.

Ní 1914, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní San Francisco, Harry Sherman, ṣàkíyèsí pé ògiri funfun àti aṣọ funfun ń fi ìmọ́lẹ̀ gún òun lójú, tí òun bá wá padà wo ẹ̀jẹ̀, òun ò ríran dáadáa. Ó ní kí wọ́n kun yàrá iṣẹ́ abẹ òun ní àwọ̀ ẹ̀fọ́. Torí àwọ̀ ewé dojú kọ pupa, ó ń fún ojú ní ìsinmi. Lẹ́yìn ìyẹn ni Faber Birren, ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, gbé e wọ ilé iṣẹ́: ewé tó mọ́ lókè kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn ká, ewé tó ṣú díẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ àti ìdọ̀tí ń kàn. 1944 ni òun àti ilé iṣẹ́ DuPont gbé ìlànà àwọ̀ ààbò wọn jáde. Láàárín ìgbà ogun yẹn náà ni wọ́n kun àwọn ibi tí Amẹ́ríkà ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, Hanford àti Oak Ridge, ní àwọ̀ ewé tó mọ́ bí ìfófò òkun. Tí wọ́n bá fi àwòrán ibẹ̀ hàn yín láìsọ̀rọ̀, ẹ máa rò pé kíláàsì yín ni.

Lọ́dún tí wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ ọ̀dà yẹn sílẹ̀ fún Ìkẹjà, 1959, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ń yan àwọ̀ tirẹ̀. Táíwò Akínkúnmi ni. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ fún ìdíje àsíá: ewé, funfun, ewé, oòrùn pupa sì wà láàárín funfun. Wọ́n yọ oòrùn kúrò, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ewé fún iṣẹ́ àgbẹ̀, funfun fún àlàáfíà. 2023 ni baba náà kú, títí wọ́n fi kú, ewé àti funfun ni wọ́n fi kun ilé wọn ní Ìbàdàn. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ewé àsíá yẹn sún mọ́ tèmi ju ti màámi lọ. Àmọ́ ẹ lọ wo àwọn àsíá tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà tí oṣù Kẹwàá bá ti ń wọlé. Kì í sí méjì tó bára mu.

Ẹ má bẹ̀rù ewé tó ṣú títí láé ṣá o. Ní 1928, ní ilé iṣẹ́ àwọ̀ kan ní Grangemouth, ní Scotland, ìkòkò tó sán ló ṣèèṣì fún wọn ní búlúù tuntun kan tí òjé ò sí nínú ẹ̀. ICI bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1935, àwọ̀ ewé ẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ọ̀pọ̀ ewé tó ṣú tó wà lórí igbá lónìí, ìdílé yẹn ló ti wá. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ máa bi ẹni tó ń ta ọ̀dà kì í ṣe "ṣé ó mọ́ àbí ó ṣú?" nìkan. Ẹ bi í pé, "Ṣé òjé wà nínú ẹ̀?" Tí ó bá ń wo yín bí ẹni tó rí iwin, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì.

Ó wá ku ògiri wa.

Bàbá mi sọ fún mi nígbẹ̀yìn. Ọ̀dà àkọ́kọ́ tó wà lára yàrá ẹ̀yìn, àwọn ló gbé e wálé ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n ń tà á fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dínwó. Àwọ̀ ewé ni, olóròóró, wọ́n sì dunnú gan-an lọ́jọ́ yẹn pé àwọn fi ọ̀dà tí àwọn fọwọ́ ara àwọn pò kun ilé àwọn. Yàrá yẹn ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sùn sí títí a fi dàgbà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, wọn ò wojú mi.

Mo ní, "Dádì, ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn."

Wọ́n ní, "Ẹnì kan mọ̀."

A ò ha ògiri náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí: tí ọ̀dà àtijọ́ bá ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri dáadáa, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, ẹ má fi iná sun ún. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kun tuntun lé e. Ibi tó bá ti ṣí nìkan ni kẹ́ ẹ fi omi rin dáadáa, kẹ́ ẹ rọra yọ ọ́, kẹ́ ẹ kó èépá ẹ̀ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìgbálẹ̀ á kàn fọ́n eruku náà ká ni. Kí aláboyún àti ọmọdé jìnnà síbẹ̀ títí ẹ máa fi parí. Etí fèrèsé ló gba wá lákòókò jù, torí ibẹ̀ ló ti gbó jù.

Ní ti àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo gbé iná alágbára tó ń gba ṣájì wọ yàrá náà, mo gbé pátákó méjì tí mo ti kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ewé tó mọ́ máa ń dá bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á padà. Ewé tó ṣú gan-an, bí ìdá mẹ́wàá, ìyókù ló gbé mì. Nínú pálọ̀ tó ní fèrèsé ńlá mẹ́ta, ẹ lè fún un jẹ. Nínú yàrá ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí fẹ́ǹsì dí lójú, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ á máa wá ìdè ìdodo ọmọ lọ́wọ́ òru, rárá. Pátákó tèmi kàn wà níbẹ̀ bí ihò ni.

Mo gbà fún màámi. Ìdajì. Ewé tó mọ́ látòkè wá, ewé tó ṣú látibi tí orí àga dé lọ sílẹ̀, bí ògiri kíláàsì wa gẹ́lẹ́. Màámi ní ó máa dà bí ọsibítù. Mo ní ṣebí ọmọ tuntun ló ń bọ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni akunlé dé. Bàbá mi ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gba agolo kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lẹ́tà kéékèèké títí dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó gbà kó ṣí i. Akunlé náà ń wo aago. Ó ní, "Bàbá, ọ̀dà lásán ni o."

Bàbá mi mú agolo kejì.